Ìyá Mi, Àwọn Ọmọ Mi àti Iná Kérésìmesì ní Èkó

Bí ẹ bá dúró ní ibùdókọ̀ ní Ìkòròdú ní ìdájí, tí ẹ sì bi ẹni mẹ́wàá tí ó ń wọkọ̀ léèrè ibi tí ó ń lọ, mẹ́sàn-án nínú wọn yóò dáhùn pé, "Èkó ni mò ń lọ." Àlejò tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé Ìkòròdú kò sí ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bẹ́ẹ̀, láti 27 May 1967 tí ìjọba ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ni orúkọ wa ti wà níbẹ̀, àwa àti Ẹ̀pẹ́. A wà lára ẹ̀ka márùn-ún tí wọ́n fa lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn yọ láti fi hun ọ̀rọ̀ náà IBILE: Ikeja, Badagry, Ikorodu, Lagos àti Epe. Ṣùgbọ́n lẹ́nu wa, Èkó kò tíì di ilé. Òdìkejì ọ̀sà ni.

Àwọn ìbejì mi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní September 2024 láìtíì fi ẹsẹ̀ tẹ Erékùṣù Èkó rí. Orí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni wọ́n ti ń wo iná Kérésìmesì ti òpópónà Ajose Adeogun ní Victoria Island, èyí tí ilé ìfowópamọ́ Zenith máa ń tàn lọ́dọọdún. Gbogbo oṣù December ni mo máa ń ṣèlérí pé, "Ó di ọdún tó ń bọ̀." Ọdún tó ń bọ̀ náà a dé, owó ilé ìwé ti January a sì gbé e mì. Bàbá wọn kì í bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ń gba Mile 12 lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kì í fẹ́ rí ọ̀nà kan náà lọ́jọ́ ìsinmi.

Ìyá mi ni wọ́n sọ ìlérí náà di gbèsè.

Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi ń gbé, ní àdúgbò àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n. Ẹja yíyan ni wọ́n tà tí wọ́n fi tọ́ wa. Ní November, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú nítorí pé wọ́n ti ń fara gbá ohun tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì ti da omi gbígbóná sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A rò pé ojú àgbà lásán ni, pé awò ojú yóò yanjú rẹ̀. Dókítà ní glókómà ni. Ó ṣàlàyé fún wa pé omi kan wà nínú ẹyin ojú tí ó yẹ kí ó máa wọlé kí ó sì máa jáde. Bí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ bá dí, agbára omi náà a máa tẹ iṣan tí ó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ, iṣan náà a sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń jẹ ìran wọlé, láìsí ìrora kankan, títí yóò fi ku ìwọ̀nba kékeré ní àárín. Èyí tí ó ti lọ kò ní padà. Oògùn tí à ń kán sójú kò lè ṣe ju kí ó máa ṣọ́ èyí tí ó kù lọ. Ojú òsì ìyá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ti ọ̀tún ṣì ń rí iwájú gan-an, bí ẹni ń wo ìta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́.

Mo pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kejì láti béèrè bóyá wọ́n ti kán oògùn. Wọ́n ní àwọn ti kán an. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, iná Kérésì tí àwọn ọmọ rẹ máa ń sọ yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń tàn án?"

"Wọ́n ṣì ń tàn án, Màámi."

"Mo fẹ́ fi ojú mi rí i. Mo sì fẹ́ tún rí Èbúté Èrò."

Mùsùlùmí ni ìyá mi. Kérésìmesì kì í ṣe ọdún tiwọn, gẹ́gẹ́ bí Iléyá kì í ti ṣe ọdún ọkọ mi, ṣùgbọ́n kò sí Kérésìmesì tí wọn kì í fi ẹja ránṣẹ́ sí wa, kò sì sí Iléyá tí a kì í lọ jẹ ẹran ní Ẹ̀pẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ó yà mí lẹ́nu. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ìyá mi kì í tọrọ nǹkan.

Owó àjọ mi, ₦150,000, ni mo kó lé e lórí. Aṣọ ọdún mi ni mo fẹ́ fi rà tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Ẹni mẹ́fà ni wá: èmi, bàbá àwọn ọmọ, ìyá mi, àkọ́bí mi obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àti Táyé òun Kẹ́hìndé.

Ọ̀nà méjì ni ó lọ sí Èkó láti Ìkòròdú. Ti ilẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀: ẹ gba Mile 12, Kétu àti Ọ̀jọ́ta, kí ẹ tó já sí afárá Third Mainland. Láti ìparí ọdún 2015 ni bọ́ọ̀sì BRT ti ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ láti Ìkòròdú dé Mile 12, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ nínú wa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, tí àwọn ará òkè òkun ti dé, tí gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀ sì ti gbé e jáde, wákàtí mẹ́ta kì í ṣe nǹkan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọ̀nà kejì ni ti omi, láti èbúté Ìpàkòdò. Bàbá àwọn ọmọ kò fẹ́ ti omi rárá. Wọ́n ní ẹni tí kò rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa gun pákó èbúté kiri. Ìyá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo jíṣẹ́ fún wọn lórí fóònù. "Sọ fún àna mi pé orí ọ̀sà ni mo ti lo ìgbà èwe mi. Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé wọn gba ọ̀nà Ìtòìkín wá sí Ìkòròdú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 December, àwọn àti agbọ̀n ẹja kan. Lọ́jọ́ Kérésìmesì gan-an, a jẹ ìrẹsì, wọ́n sì fi ewùrà se ìkọ́kọrẹ́ fún ara wọn, ṣùgbọ́n ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ ni àwọn ọmọ kọ́kọ́ lá tán.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, 27 December, a wà ní èbúté. Wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò irú ìrìn àjò yìí, ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ tí kò bá ní i, ẹ sì fi ọwọ́ ara yín di okùn rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ lára. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀sà débi pé a kò rí òdìkejì. Bí a ti ń lọ ni nǹkan ń yọ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan: àwọn ọkọ̀ oníyanrìn tí wọ́n fi àpò rán ìgbòkun wọn, àwọn ọkùnrin tí ó ń bẹ́ sódò pẹ̀lú garawa láti wa yanrìn nísàlẹ̀, àwọn igi gẹdú tí wọ́n so pọ̀ tí ó ń léfòó lọ. Nígbà tí ó yá, afárá Third Mainland yọ láti inú ọyẹ́ bí ẹni pé kò ní ìpìlẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ sọ fún wọn pé nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1990, kò sí afárá tí ó gùn tó o ní gbogbo Áfíríkà, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Táyé ní, "Dádì, ṣé orí ibẹ̀ ni ẹ máa ń há sí lójoojúmọ́?"

Ìyá mi pa ojú wọn dé. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé òòyì ń kọ́ wọn. Wọ́n fa imú.

"Makókó nìyí. Wọ́n ń yan ẹja."

Lóòótọ́, èéfín ń rú ní apá ọ̀tún wa. Àwa tí ojú wa rí kò tíì kíyè sí i.

Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọge, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé ẹja láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Èbúté Èrò. Ọ̀sán ni ọkọ̀ ń gbéra, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Orí agbọ̀n ẹja ni wọ́n ń sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìgbà náà, Third Mainland kò sí, Carter nìkan ni afárá tí wọ́n ń rí níwájú. Gbogbo èyí ni mo ti gbọ́ rí, ṣùgbọ́n bí ẹni ń gbọ́ àlọ́ ni. Nígbà tí ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ tí ìyá mi sì sọ̀ kalẹ̀, ìgbà náà ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìyá tí a ti ń di ọwọ́ wọn mú láti ilé ni wọ́n ń fà wá lọ báyìí. Wọ́n mọ ibi tí àtẹ̀gùn wà. Wọ́n mọ ibi tí àwọn ẹlẹ́ja ń jókòó sí àti ibi tí àwọn alágbàrù ń dúró sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì nínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan nípa ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ń tajà. Ìyá náà ní ó ti tó ọdún méje tí ó ti di olóògbé. Ìyá mi ṣe àdúrà fún un lórí ìdúró, wọ́n ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ fún wọn, a sì kúrò níbẹ̀.

Láti ibẹ̀ a rìn dé iwájú Ìgà Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó. A kò wọlé. Ní ìta níbẹ̀ ni ìyá mi ti sọ ìtàn tí ó mú kí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ máa jẹ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò lórí oyè. Akítóyè lọ wá ìrànwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, 26 December 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn ńlá sí Èkó. Àwọn ará ìlú pe ogun náà ní Àgídìǹgbì, nítorí ìró ìbọn. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, 28 December, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti sá gba orí ọ̀sà lọ. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìlú tán, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá a lọ kò padà. Nínú wọn ni ìdílé ìyá mi ti jáde. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Káyókáyó ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn Iléyá títí di òní.

Bí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé ni pé Gẹ̀ẹ́sì wá fòpin sí òwò ẹrú. Bí ìyá mi ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba èbúté. Lójú tèmi, ìtàn méjèèjì lè wà pọ̀. Kòsọ́kọ́ ṣòwò ẹrú, kò yẹ kí a fi pamọ́ fún àwọn ọmọ wa nítorí pé ó jẹ́ tiwa. Bẹ́ẹ̀ ni kò pé ọdún mẹ́wàá tí Gẹ̀ẹ́sì fi sọ Èkó di tirẹ̀ pátápátá ní August 1861.

Àkọ́bí mi ti ń ṣírò. "Màmá Ẹ̀pẹ́, ọdún mẹ́tàléláàádọ́sàn-án ni. Ọjọ́ òní gan-an ni ilé wọn ń jó."

Ìyá mi ní, "Ẹ̀hẹ́n? A ti wá wò ó báyìí."

Àkókò Jímọ̀ tó, àkọ́bí mi sì bá wọn lọ sí Mọ́sálásí Àpapọ̀ Èkó ní òpópónà Nnamdi Azikiwe. Bàbá àwọn ọmọ mú àwọn ìbejì lọ wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line ní Marina, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 2023. Wọ́n lọ sí ìkángun kejì ní Mile 2, wọ́n tún padà, nítorí kí wọ́n ṣáà lè wọ̀ ọ́, kí wọ́n sì rí omi láti òkè. Èmi lọ jókòó nínú Kàtídírà Christ Church tí wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1946. Ìránnilétí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther wà nínú rẹ̀. Mo sùn lọ lórí àga. Ìyá ọmọ mẹ́ta tí ó rí ìjókòó tí kò sí ariwo ní Èkó ní ẹ̀tọ́ láti sùn.

Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Orílẹ̀-Èdè ní Oníkàn ni a lọ lẹ́yìn ìyẹn. Mo rò pé àwọn ère àti idẹ ni yóò dá àwọn ọmọ dúró. Rárá o. Ọkọ̀ Mercedes dúdú ni, ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed nínú rẹ̀ ní 13 February 1976, pẹ̀lú ihò ọta lára rẹ̀. Ìyá mi dúró síwájú rẹ̀ pẹ́. Wọ́n ń yí orí wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, kí ojú ọ̀tún lè bọ́ sórí ihò kan kí ó tó kan òmíràn. Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í darí wọn: "Ẹ yí sí ọ̀tún díẹ̀ sí i, Màmá. Ìsàlẹ̀. Òun nìyẹn."

"Jímọ̀ ni ọjọ́ náà," ni wọ́n wí. "Mo ti tú ẹja sílẹ̀ ní Èbúté Èrò. Ẹnì kan ké pé wọ́n ti pa olórí ìjọba. Ọjà tú. Mo ń sáré, oyún ẹ̀gbọ́n rẹ wà nínú mi. Ọkọ̀ wa ti já okùn, ó ti lọ." Ìyá kan ní Ìdúmọ̀tà ni ó gbà wọ́n sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ ti gbà pé wọ́n ti kú. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bá àwọn ènìyàn nílé tí wọ́n wá bá a kẹ́dùn.

Mo ti pé ọdún mẹ́tàlélógójì láyé láìgbọ́ èyí rí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó béèrè.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí a tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé wa dé Victoria Island. Awakọ̀ náà bu owó mọ́ wa lórí, ó ní December ni. A san án. Àwa tí a kò lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lójú ọ̀nà bí kò bá sí ọkọ̀, wákàtí kan ààbọ̀ ni a lò. A sọ̀ kalẹ̀, a fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe Ajose Adeogun fún ẹni tí kò tíì rí i. Wọ́n fi iná wé àwọn igi láti ìdí dé ẹ̀ka, bí ìgbà tí a bá wé gèlè fún ìyàwó. Oríta náà ń tàn bí ọ̀sán. Àwọn ọmọ kékeré jókòó lé èjìká bàbá wọn, àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò, àwọn kan ń ta fìlà Bàbá Kérésì tí ó ní iná lórí, òórùn súyà gba afẹ́fẹ́ kan. Táyé kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Táyé yóò mọ̀ pé ohun ńlá ni.

Ìyá mi di ọwọ́ Kẹ́hìndé mú. Wọ́n ń wo igi kan. Wọ́n wò ó títí, wọ́n bọ́ sórí òmíràn. Mo rí i pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rí. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò lè gba ihò kọ́kọ́rọ́ náà kọjá. Ìyá mi náà ti mọ̀. Ẹni tí ó bá ń wo ìta láti ojú ihò mọ̀ pé bí òun bá ti jìnnà sí nǹkan tó ni yóò ti gba inú ihò tó.

Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n sún sẹ́yìn díẹ̀ kí n lè rí gbogbo ẹ̀."

Èmi ń ya fọ́tò. Ẹ̀yìn mi ni mo kọ sí wọn. Wọ́n sún ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ìkejì, ẹ̀kẹta, wọ́n sì bọ́ kúrò ní ẹ̀bá ọ̀nà sí ojú títì. Láti òsì ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà ti ń bọ̀, láti ìhà tí kò sí ohun kankan mọ́ lójú wọn. Igbe Kẹ́hìndé ni mo gbọ́. Nígbà tí mo yíjú, ó ti fi gbogbo ara fà wọ́n, àwọn méjèèjì ti ṣubú sórí kọnkéré, bàtà ìyá mi kan sì wà lábẹ́ táyà.

Kò ṣe wọ́n ní nǹkan ju kí orúnkún bó díẹ̀ lọ. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń bẹ wá. Kò jẹ̀bi, kò sá eré. Èmi ni mo mọ ohun tí dókítà sọ, èmi ni mo sì gbé ojú mi fún fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láàárín gbogbo iná yẹn, mo ní kí a máa lọ ilé, ó tó.

Ìyá mi ń gbọn ìró wọn. "Ilé wo? Mi ò tíì rí i tán."

Bàbá àwọn ọmọ ni wọ́n rí ògiri kan ní òdìkejì ọ̀nà, tí kò sí ọkọ̀ tí ó lè dé ibẹ̀. A mú ìyá mi lọ síbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri náà. Táyé dúró ní ọ̀tún wọn, Kẹ́hìndé ní òsì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀: "Ní ọ̀dọ̀ tèmi, igi mẹ́rin wà. Gbogbo wọn funfun. Ọkùnrin kan gbé ọmọ kọ́ ọrùn, ọmọ náà ti sùn." Táyé gbà á: "Ní ọ̀dọ̀ tèmi, pupa àti àwọ̀ ewé wà, Màmá. Ó ń kú, ó tún ń tàn." Ìyá mi ń mi orí, wọ́n sì ń wo iwájú gan-an. Bí ìdajì wákàtí ni a fi dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Ilé àbúrò mi ní Ajah ni a sùn. Ní ọjọ́ kejì a gba ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú àwọn tírélà tí ó ń lọ sí ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú. A dúró ní ọjà Olúwo kí àwọn ọmọ lè rí ẹja tí ó ga tó Táyé, ìyá mi sì ná ọjà fún mi títí ojú fi tì mí. A fi wọ́n sílé. Àwa gba Ìtòìkín padà sí Ìkòròdú. Àkọ́bí mi ṣí máàpù lórí fóònù, ó fi hàn mí pé a ti yí ọ̀sà po tán, omi ní àlọ, ilẹ̀ ní àbọ̀.

Dókítà ti sọ fún wa ní November pé àrùn yìí a máa rìn nínú ẹbí, pé kí gbogbo àwa ọmọ lọ yẹ ojú wa wò, pàápàá àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún. Mo gbọ́, mo sì gbé e tì. Ojú mi ń ríran, kò sì dùn mí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì January, mo lọ. Wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ kan, kí n tẹjú mọ́ àárín, kí n sì tẹ bọ́tìnnì nígbàkúùgbà tí mo bá rí iná kékeré kan tí ó tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná náà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ni mo rí. Dókítà fi ìwé hàn mí: ní igun ojú òsì, ibì kan wà tí iná ti tàn tí n kò tẹ nǹkan kan.

Ó ní a tètè dé. Ó kọ oògùn fún mi, ẹyọ kan lójú kọ̀ọ̀kan ní alaalẹ́.

Láti November ni mo ti máa ń pe ìyá mi ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ láti béèrè bóyá wọ́n ti kán oògùn. Ní báyìí, bí aago mẹ́sàn-án bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, fóònù mi a dún. Wọn kì í kí mi kí wọ́n tó béèrè.

"Ìyá Ìbejì, ṣé o ti kán tìrẹ?"